Lẹ́tà Tó Sanra Lára Ògiri Opó

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ pátákó ní Ayétòrò, kórìíra lẹ́tà tínínrín. "Lẹ́tà tó bá rù, ebi ló ń pa á," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọnú ọ̀dà.

Opó kan ládùúgbò wá bá wọn, torí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú fẹ́ ta ilé mọ́ ọn lórí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sára ògiri iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Àmọ́ lẹ́tà náà sanra débi pé KÌ Í ṢE bọ́ sójú ilẹ̀kùn. Bí opó ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ILÉ YÌÍ TÍTÀ ló kù. Kó tó dọ̀sán, èèyàn mẹ́ta ti wá dúnàá-dúrà, ọ̀kan tiẹ̀ wá láti Ìdógò.

Opó sáré padà wá bá wọn: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín lẹ́tà yìí kù!"

"Kí n wá febi pa á? Láéláé!"

Wọ́n gun àkàbà, wọ́n kọ RÁRÁ! sókè, láti igun ilé dé igun.

Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí àbúrò ọkọ fi mú ẹni tó fẹ́ ra ilé dé. Onítọ̀hún kà á, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. Inú bí àbúrò ọkọ.

"Ta ló ń jágbe mọ́ mi báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dá a lóhùn látorí àkàbà: "Ilé ẹ̀gbọ́n ẹ ni."