Ìyá Mi Ò Lọ sí Kánádà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ lónìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín. Ẹ mọ̀ mí pé n kì í pẹ́ bá èèyàn wí. Tí ẹnìkan bá parọ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pariwo pé irọ́ ni! Ó dáa, èmi fúnra mi parọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi pa á, mo sì pa á nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má tíì bú mi o. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ni Mọ́mì mi. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Ìyìn-Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ekukáká ni ẹ fi máa rí ẹni tó kàwé ní Ìyìn láyé ìgbà yẹn tí kò jẹ ẹgba wọn rí. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ, wọ́n mọ orúkọ bàbá ọmọ, wọ́n tún mọ ojúlé tí ọmọ ti ń bọ̀. Irú orí pípé bẹ́ẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan.

A kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n á ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú àpò gààrí. Wọ́n á fi orúkọ àbúrò wọn pè mí. Mo ní ṣebí àgbà ló dé, ta ni kì í gbàgbé? Ìgbà tí bàbá wa kú tí mo kó wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè-Ìlá ni ojú mi tó là! Ní kùtùkùtù, Mọ́mì á ti wẹ̀, wọ́n á ti wé gèlè, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ń lọ sí ilé ìwé, àwọn ọmọ ń dúró de àwọn. Màá ní, Mọ́mì, ẹ ti fẹ̀yìntì. Wọ́n á wá wò mí bíi pé èmi ni orí mi ò pé.

Ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́ta ló wá tó sì lọ. Ìkẹta ò tiẹ̀ dúró gba owó oṣù rẹ̀! Èmi náà tíṣà ni mí, ta ló máa jókòó tì wọ́n títí ilé ìwé á fi parí?

Lọ́jọ́ kan, mo wà nínú kíláàsì nígbà tí fóònù mi dún. Ọkùnrin kan ní òun rí ìyá àgbà kan ní oríta Adébáyọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀, wọ́n ní àwọn ń dúró de mọ́tò Ìyìn. Ó ní Mọ́mì ló kọ́ òun ní kíláàsì kẹta, ojú kan tí òun rí wọn lòun ti dá wọn mọ̀. Nọ́ńbà mi tí mo rán mọ́ etí ìró wọn ló fi pè mí. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ débi pé ẹni tó ń wà á ń bi mí bóyá èèyàn mi kan ló kú. Bí kì í bá ṣe ọmọ ilé ìwé wọn àtijọ́ yẹn ńkọ́? Bí mọ́tò bá gbá wọn ńkọ́?

Dókítà ló là mí lóye pé kì í ṣe pé Mọ́mì kàn ń ṣarán lásán. Ó ní àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í ṣe ẹ̀mí kankan, àti pé kì í padà sẹ́yìn. Ó ní ojú tó ń ṣọ́ wọn nígbà gbogbo ni wọ́n nílò, tí mo bá sì ń dá a ṣe lọ bẹ́ẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ ṣubú. Ó ní ilé ìtọ́jú àgbà wà, kí n lọ wò ó.

Ilé ìtọ́jú àgbà kẹ̀! Ní Èkìtì níbí! Ohun tí èmi mọ̀ ni pé àwọn tí kò bímọ là ń kó lọ síbẹ̀. Mo pe Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tó wà ní Kánádà. Bọ̀dá gbaná jẹ! Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu ni? Mo ní mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá, ṣùgbọ́n àwa méjì ni Mọ́mì bí, ẹ máa bọ̀ wá fún wọn ní ọmú tiyín. Wọ́n gé fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí padà pé kí n lọ wo àwọn ilé náà, kí n sì wò wọ́n dáadáa.

Mo wò wọ́n o. Táìsì ilé àkọ́kọ́ ń dán gbinrin, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Wọ́n ti na ìwé owó sí mi kí n tó rí àga jókòó. Àwọn àgbà tò síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn pé kí ni orúkọ màmá tó jókòó sétí wíńdò yẹn. Ó ní, "Yàrá kẹrin ni." Yàrá kẹrin! Mo mú báàgì mi, mo dìde.

Ojú ọ̀nà Ìyìn ni ilé kejì wà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo wọn ń pè ní Mátíróònù, ló dá a sílẹ̀. Ká má parọ́, ó ti pẹ́ tí ògiri wọn ti ń fẹ́ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá méjì ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá kan ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Mátíróònù bi mí pé kí ni Mọ́mì máa ń ṣe láàárọ̀, orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn, orin wo ni wọ́n fẹ́ràn. Mo ní owó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní a ṣì máa dé orí ìyẹn.

A sì dé orí ẹ̀ lóòótọ́! Kì í ṣe owó kékeré. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú owó náà àti ohun tí kò sí níbẹ̀, oògùn, pampas, ẹni tó ń ṣọ́ wọn tí ilẹ̀ bá ṣú. Pẹ́nṣàn Mọ́mì ò ká ìdajì ìdajì rẹ̀. Bọ̀dá ní àwọn á gbé apá tó wúwo, èmi gba oògùn àti pampas. Owó tí mo ń tù jọ láti fi ra mọ́tò wọ inú rẹ̀ lọ ràì. Kẹ̀kẹ́ ni mo ṣì ń wọ̀ dòní, n kò sì kábàámọ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ló kù yìí. Nígbà tí mo gbé Mọ́mì lọ síbẹ̀ tán, Bọ̀dá ní kí wá ni a máa sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì? Bí ẹni ń ṣàwàdà, mo ní ká sáà sọ pé Mọ́mì ti wà lọ́dọ̀ yín ní Kánádà.

Háà! Ayọ̀ ṣubú layọ̀! Ọmọ Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ni Mọ́mì láti ọdún gbọọrọ, ẹgbẹ́ sì ní a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ ìrìn àjò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo múra, mo jó lọ síwájú pẹpẹ, mo fowó sínú igbá, mo dúpẹ́ ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni ò rìn. Alùfáà gbàdúrà pé Ọlọ́run tó mú wọn gúnlẹ̀ á mú wọn padà bọ̀. Mo ṣe Àmín. Màmá Òjó, olórí ẹgbẹ́, tí àwọn àti Mọ́mì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, wá ń bi mí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi pé ṣé òtútù ò mú ọ̀rẹ́ àwọn lọ́hùn-ún? Mo ní Bọ̀dá ti ra kóòtù fún wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ! Kóòtù!

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún kan.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo wà ní fàráńdà ilé ìtọ́jú, mò ń ya irun Mọ́mì. Kí ìkórè tó dé lọ́dọọdún, Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ máa ń kó ìrẹsì àti ọṣẹ lọ fún àwọn tó nílò rẹ̀. Ọdún kan wọ́n á lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, ọdún mìíràn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ta ló sọ fún mi pé ilé ìtọ́jú àgbà ló kàn lọ́dún yìí? Mo ṣàdédé rí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń wọlé! Mo ju kóòmù sílẹ̀, mo sá wọ ilé ìdáná. Èmi ìyá ọmọ mẹ́ta, mo lọ lúgọ sẹ́yìn àpò ìrẹsì! Ṣùgbọ́n wíńdò ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn ni mò ń rí.

Màmá Òjó ló kọ́kọ́ rí Mọ́mì. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń pe Mọ́mì lórúkọ, Mọ́mì ò dá wọn mọ̀. Mọ́mì wo gbogbo àwọn ìyá náà láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé pàṣẹ pé, "Ẹ tò! Ẹ na ọwọ́ yín síta!"

Àyẹ̀wò èékánná ni! Ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé iṣẹ́ wọn ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ojú tì mí, mo fọwọ́ bojú. Ìgbà tí mo fi máa ṣí i, àwọn ìyá wa ti tò, ìyá àádọ́rin ọdún, ìyá ọgọ́rin ọdún, gbogbo wọn na ọwọ́ síwájú. Mọ́mì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Màmá Òjó, Mọ́mì di ọwọ́ náà mú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Wọ́n ní, "Tìẹ mọ́. Lọ jókòó." Màmá Òjó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn.

Kò pẹ́ tí Màmá Òjó fi wá bá mi nílé ìdáná. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

"Fúnkẹ́, ulé yìí ni Kánádà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.

"Kóòtù tí ẹ rà fún un dà?"

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì! Mo rò pé wọ́n á ní mo gbé ìyá mi jù nù. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé náà dáa, ara ọ̀rẹ́ àwọn mọ́, ó tiẹ̀ sanra. Wọ́n ní ohun tó dun àwọn ni pé mo gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹni tó wá kí i, torí gbogbo èèyàn gbà pé ó wà lókè òkun. "Ìtìjú tìẹ lo fi sọ ìyá ẹ di ẹni tí kò lẹ́nìkan."

Wọ́n wá jókòó lórí àpò ìrẹsì, wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ọkọ wọn tó ti kú, tí gbogbo wa gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa, irú àìsàn Mọ́mì ló ṣe bàbá náà. Màmá Òjó ò fẹ́ kí ará àdúgbò rí i. Ọdún méjì ni wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ wọn, inú yàrá yẹn náà ni bàbá kú sí.

Wọ́n ní, "Á máa kan ìlẹ̀kùn pé òun fẹ́ lọ sóko. Màá ní kò sóko mọ́. Fúnkẹ́, kí ló dé tí n kò ṣílẹ̀kùn fún un kó ro ẹ̀yìnkùlé mi lásán? Koríko kún ibẹ̀!"

Àwa méjèèjì sunkún títí Mátíróònù fi wá wò wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Àwọn kan kùn. Obìnrin kan ní mo ti ju ìyá mi sígbó. Mo júwe ilé náà fún un, mo ní kó wá kí wọn lọ́jọ́bọ̀. Kò tíì wá títí di òní! Ṣùgbọ́n Màmá Òjó ti pín ẹgbẹ́ ní méjì-méjì, lọ́jọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ìyá méjì á lọ, wọ́n á kọrin, wọ́n á bá Mọ́mì dirun. Ẹgbẹ́ ló ń ra pampas báyìí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé oúnjẹ lọ, ó ń bá Mátíróònù jà pé, "Kí lẹ ń fún un ní ìrẹsì sí? Uyán ni ọmọ Ìyìn ń jẹ!" Bọ̀dá Dàpọ̀ ń wò wọ́n lórí fóònù láti Kánádà, géńdé ọkùnrin, ló bá bú sẹ́kún. Ọpẹ́ mi pọ̀ ju ohun tí mo lè kọ lọ. Ọlọ́run á bá mi san oore fún gbogbo wọn.

Mọ́mì ò mọ̀ mí mọ́ báyìí. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mò ń bó ọsàn fún wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ọmọ ta ni mí? Mo ní tíṣà ni ìyá mi. Wọ́n mi orí.

"Ó kọ́ ọ dáadáa. Bá mi kí i."

Mo ní, "Wọ́n á gbọ́, mà."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ilé ìtọ́jú ò sọ òbí di ẹni ìgbàgbé, àìyọjú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ yàrá fún yín, ẹ máa bọ̀ nílé!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti tọ́jú àgbà tí iyè rẹ̀ ń ra? Kí lẹ ṣe, báwo lẹ ṣe rówó rẹ̀, kí ni ẹbí sọ? Mo fẹ́ ka tiyín. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá wà nílé yín tí ẹ ti sọ fáyé pé wọ́n rìnrìn àjò, ẹ má tíì kọ nǹkan kan síbí o. Ẹ kọ́kọ́ lọ pe ọ̀rẹ́ wọn ná.