Ọjọ́ Tí Káàdì Ìyá Mi Jí

Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀jìgbò, ìjọ wa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. A máa ń dá owó lọ́dọọdún, a ó sì gba káàdì. Bí àìsàn bá dé, ilé ìwòsàn ìjọ yóò tọ́jú ẹni tó bá ní káàdì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi ò yọjú sí ẹgbẹ́ fún ọdún méjì, ni káàdì wọn bá kú. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Kí káàdì tó lè jí, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Masifa, kí akọ̀wé fojú ara rẹ̀ rí i pé ara onítọ̀hún le, kí onítọ̀hún sì tẹ̀ka sínú ìwé. Ẹgbẹ́ kì í gba ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára.

Àìsàn sì ti wọ ìyá mi lára. Ẹsẹ̀ wọn wú, inú wọn wú. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọn ò lè dìde lórí ẹní àfi bí a bá gbé wọn. Mo ti fi owó ránṣẹ́. Òfin yìí ló kù. Mo ní kí àbúrò wọn obìnrin jókòó tì wọ́n, mo gun kẹ̀kẹ́, mo lọ bẹ akọ̀wé. Ọ̀sán gangan ni. Ewé kan ò mì, n ò sì pàdé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà. Mo wá nítorí káàdì ìyá mi ni."

"Èwo tún ni, Tíṣà? Ṣebí ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni."

"Ìyá tèmi kẹ̀, sà?"

"Àní orí àga yẹn ni wọ́n jókòó sí. Ara wọn le koko. Wọn ò kàn sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni."

Baba ṣí ìwé ńlá hàn mí. Àtàǹpàkò ìyá mi ni mo rí níwájú orúkọ wọn, àpá ọ̀bẹ tó là á láàárín hàn kedere. Mo fọwọ́ kàn án. Yíǹkì ò tíì gbẹ.

Mo gba káàdì, mo dúpẹ́, mo sáré wálé.

Àbúrò ìyá mi ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi sùn, mo pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú báyìí ni."

Mo wọlé. Ìyá mi wò mí. "Ọ̀nà yẹn jìn," ni wọ́n wí. "Bù mí lómi."

Lọ́jọ́ kejì, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yẹ káàdì wò, wọ́n sì gba ìyá mi sí bẹ́ẹ̀dì. Kí oṣù náà tó parí, ara wọn ti yá.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi ìyá mi léèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò dé Masifa láti ọdún tí wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ àwọn kan níbẹ̀. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, títí wọ́n fi dolóògbé, bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n, kí n di ọwọ́ wọn mú.