Ẹ̀rọ Ata Nínú Pálọ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí ni bí gíláàsì fèrèsé ṣe ń gbọ̀n. Woji ní Port Harcourt ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí òrùlé rẹ̀ máa ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, tí òjò sì máa ń lù títí ènìyàn kò fi ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, òjò kọ́ ló ń mi ilé náà. Èmi ni. Èmi baba ọmọ méjì, olùtọ́jú sítọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi, ni mo dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, tí mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Ìyá mi jókòó lórí àga níwájú mi. Ó wo àpótí ńlá tó ń dún gbìm-gbìm nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó sì wo èmi náà. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó gbé ìyá mi dé Port Harcourt kò ní mọ ohun tí ẹ̀rọ náà wá ṣe nínú ilé wa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi. Ẹ̀rọ ata ló fi tọ́ mi. Láti kékeré mi títí mo fi di ẹni tó ń gba owó oṣù, abẹ́ àtíbàbà páànù kan ló máa ń dúró sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ó ń da ata àti tòmátò àwọn ènìyàn sẹ́nu ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ náà ń lù gbì-gbì-gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Owó ilé-ìwé mi, ìwé mi, bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ẹnu ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹlẹ́rọ ata tó ń fi nǹkan dí etí. Nígbà tí bàbá mi fi máa papò dà, tí mo sì ní ìyá mi kò gbọdọ̀ dá gbé, ẹ̀rọ náà ti jẹ púpọ̀ nínú etí rẹ̀. Kì í ṣe pé adití ni. Bí ààrá bá sán, á gbọ́. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí aṣọ tí kòkòrò ti jẹ, tí orí ọ̀rọ̀ á dé, tí ìdí rẹ̀ á já bọ́ lọ́nà.

Ó wá bá wa ní Woji. Ọmọ Ikwerre ni ìyàwó mi, Píjìn ni a fi ń ṣe ilé, Píjìn náà ni àwọn ọmọ fi ń lá àlá. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀, òun náà fẹ́ràn ìyàwó mi. Ọwọ́ àti oúnjẹ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó so ìyá mi àti àwọn ọmọ pọ̀ ni àwọn àwo fíìmù Yorùbá tó kó wá nínú báàgì rẹ̀, nígbà tí àwo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó yí i ká, pàápàá ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ìyá mi á máa ṣàlàyé, àwọn náà á máa bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ohùn tẹlifíṣọ̀n wa kékeré, kò sì mọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, kò méfò mọ́. Ó kàn ń wo ẹnu wọn.

Lọ́jọ́ Sunday kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè mí. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé rẹ dára, ìyàwó rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí àwòrán ara ògiri ni mo ṣe wà níbí. Bí oṣù yìí bá parí, wá ọkọ̀ fún mi.” Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láìsọ̀rọ̀ ló yẹ kó wà. Mo mọ ohun tó ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́: ilé tó ṣófo, àti àtíbàbà tí ẹlòmíràn ti ń lo. Mo wá pinnu pé bí ó bá jẹ́ ohùn ló kù, màá ra ohùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti ra hóòmù tíátà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n jáde. Ó ní ìyẹn nìkan ló lè yanjú ọ̀rọ̀ mi. Mo ti ń fi owó ófátáìmù pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tí wọ́n tò sínú gíláàsì pẹ̀lú páálí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa lọ sọ́jà, ìyá mi mú àwo fíìmù kan jáde, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ wé e, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Èyí ni kí o fi dán an wò. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyí.” Mo fi í sí àpò inú agbádá mi, mo ní ẹ ṣé mà.

Ọjà ẹ̀rọ inú ìgboro nígbà náà, etí ni ènìyàn fi ń dé ibẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó dé. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń fi orin bo orin ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Ọkùnrin Ìgbò kan ẹlẹ́nu dídùn ló fi mẹ́ta hàn wá. Èkínní jẹ́ tuntun, àpótí méjì tí kò ju búrẹ́dì lọ. Ohùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ bí omi kànga. Èkejì ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ike ìfọṣọ. Ẹ̀kẹta ni tòkunbọ̀: sípíkà márùn-ún, àti àpótí ńlá tí wọ́n ń pè ní wúfà, tí ohùn ìsàlẹ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde. Ara rẹ̀ ti họ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti èkínní lọ. Ojú mi kọ́kọ́ lọ sí ara èkínní. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀fọn lo fẹ́ kó máa kọrin fún ẹ ní Woji? Carry the big one jàre.”

Ọlọ́jà bi mí bóyá mo ní àwo tí a máa fi dán an wò. Ọwọ́ mi wọ àpò, ó kan áńkáṣíìfù. Mo wo inú ṣọ́ọ̀bù náà, ó kún fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń mi orí sí orin. Mo sì rò ó bí mo ṣe máa tú áńkáṣíìfù ìyá àgbà níwájú wọn, tí màá fa fíìmù jáde, tí àwọn ìyàwó méjì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn kú ìdájí fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú tì mí. Mo ní mi ò mú àwo wá. Ọlọ́jà fi tirẹ̀ sí i, ó yí ohùn sókè, ìlù náà wọ inú ikùn mi lọ.

Ó ní, “Oga, e enter?”

Mo ní, “E enter.”

Ó fi àwo orin náà ṣe èènì fún mi.

Bí mo ṣe dé ìdí gíláàsì tó ń gbọ̀n nìyẹn. Nígbà tí mo ti fi orin fakọ yọ tán, mo wá fi fíìmù ìyá mi sí i. Orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mi ilé tìtì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹnu wọn là, ó sì pa dé, ohùn wọn sì jìnnà bí ẹni pé ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Mo yí i sókè, ìlù nìkan ló ń pọ̀ sí i. Àgbá òfìfo ló ń pariwo. Mo ti san owó fún un, mo ti gbé e wọlé. Ìyá mi ní sùúrù títí, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Ẹ̀rọ ata mi lo tún rà wá.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ kan tí kò wù ú kó rí mọ́.

Mo padà sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́jà kò bú mi, kò sì purọ́ mọ́ mi. Ó ní mo dán an wò, ó kọrin, mo gbé e lọ. Kí ló wá kù? Nígbà tí mo fi délé, ìyá mi ti fi okùn di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ Tuesday ni ọkọ̀ máa lọ.

Ìyàwó mi ló rántí bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Okrika, tó ní àtíbàbà létí omi ní Amadi-Ama, tó ń tún rédíò àwọn apẹja ṣe. Mo kó àwọn àpótí mi lọ bá a lọ́jọ́ Friday. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ní ìyá mi ni. Ó béèrè ibi tí ìyá náà wà. Mo ní ó wà nílé.

Ó ní, “You carry box come, you leave ear for house. Go bring Mama.”

Lọ́jọ́ Saturday, mo mú ìyá mi lọ, ọmọ mi obìnrin tẹ̀ lé wa. Bàbá náà fi ìyá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sún tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síwájú rẹ̀, ó ní kí n mú àwo tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ wá. Mo tú áńkáṣíìfù tí mo tún fi wé e. Ó gbé etí lé àwọn sípíkà náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó yẹ kó wà láàárín, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré máa ń gbà jáde jù, ti kú tipẹ́. Nítorí pé orin ni a fi dán an wò lọ́jà, tí orin sì ń gba inú àwọn yòókù jáde, kò sí ẹni tó mọ̀ pé òkú wà láàárín wọn. Ó tú ikùn rẹ̀, ó yọ sípíkà kan tí kò ju àwo ife tíì lọ lára rédíò àtijọ́, ó fi rọ́pò. Ó fa okùn wúfà yọ pátápátá. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí àárín náà lé orí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìyá mi, ó sì ní kí ọmọ mi bi í bóyá ó ń gbọ́.

Ọmọ náà fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe pé, “Mama, ṣé ẹ ń gbọ́?”

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Nínú fíìmù náà, ìyálé ń sọ fún ìyàwó pé ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran inú rẹ̀ fi ń wá ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e kọjá. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń wo ojú rẹ̀ kò ì tíì rẹ́rìn-ín, òun ti rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọ, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yé e. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó fi Píjìn sọ ọ́ fún bàbá náà. Bàbá wo àwọn ọkọ̀ tó so mọ́ etí omi níwájú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò mọ́. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Tuesday, mo rí okùn tí ìyá mi fi di ẹrù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ti so ó mọ́ igi méjì, ó ti sá aṣọ àwọn ọmọ lé e lórí.

Ọdún mẹ́fà ló tún lò pẹ̀lú wa. Wúfà náà di ibi tí a ń gbé fáànù lé. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Sípíkà tí kò ju àwo ife tíì lọ ni àwọn ọmọ mi fi gbọ́ Yorùbá, pẹ̀lú ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, tó fi máa ń ya àwọn àgbà ìlú wa lẹ́nu bí a bá lọ sílé. Ohun tó ń dùn mí títí di òní kì í ṣe owó tí mo ná. Ìyá mi di etí rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù fún mi, mo sì tijú láti tú u.

Èmi náà ti di ẹni tí ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin, tí òun náà ti di ìyá ọmọ, mú mi lọ ra sípíkà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n báyìí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tà á ti ń gbé orin sí i, ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ bàtà mi. Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ti ní, “Abeg, off am. Put where person dey talk.” Ọ̀dọ́kùnrin náà wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó wá ọ̀rọ̀ sí i. Ọmọ mi tẹ̀ sí etí mi.

Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ ń gbọ́?”

Mo gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́ ná.