Àpótí Ajílẹ̀ Tí Silas Kàn fún Ìyá Jesse

Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ní ọdún 1994, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń kan àga ní Oǹdó mọ́. Ta ni yóò kan àga, nígbà tí pẹtiróòlù di ohun tí èèyàn ń tò fún láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, tí gàrí sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́? Ẹni tí ibùsùn rẹ̀ bá kán á fi búlọ́ọ̀kù tì í lẹ́sẹ̀, á sùn. Ẹni tí àga rẹ̀ bá dá á jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò lè fi búlọ́ọ̀kù tì. Pósí ni.

Bí Silas Akínlolú ṣe di ẹni tí ń kan pósí nìyẹn. Òun kọ́ ló yàn án. Ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ló mọ̀ ọ́n kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àgbà ìjọ kan ló kú, wọ́n ní kó bá àwọn kàn án, ó kàn án, ó dára. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ wá: ohun tó bá ti bá òkú kan mu, gbogbo òkú àdúgbò ló máa fẹ́ irú rẹ̀. Odidi ọdún kan, kò fi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Iṣẹ́ pósí kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù o. Ẹni tó bá kú gbọ́dọ̀ rí ibi sùn sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹni tí ń ṣe é? Ẹ bá aláta lórí ìsọ̀, ẹ ó ní ọjà á tà o. Ẹ bá àgbẹ̀, ẹ ó ní àroko bọ́dún dé. Ẹ bá onídìrí, ẹ ó ní ojú gbooro o. Akanpósí ńkọ́? Tí ẹ bá ní iṣẹ́ á yá, ta lẹ fẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀hún yá lé lórí? Nítorí náà, bí àwọn èèyàn bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Silas, wọ́n á kàn sọ pé, "Ẹ ǹlẹ́ o," wọ́n á sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí iná.

Èyí tó dun Silas jù ni tilé. Láràárọ̀ ni Lọ́lá ìyàwó rẹ̀ ń gbàdúrà. Á gbàdúrà fún Precious ọmọ wọn, á gbàdúrà fún ìjọ, á gbàdúrà fún ìlú tó dojú rú. Bó bá kan iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, á ní, "Olúwa, o kúkú mọ ohun tí à ń fẹ́," á sì fò ó. Silas kò lè bínú sí i. Kí ló máa ní kó sọ? Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun, nítorí kò sí àárọ̀ tí wọn kì í fò ó. Ohun tó ń fẹ́ láyé nígbà náà kò ju iṣẹ́ kan lọ tí èèyàn lè bá a gbàdúrà sí.

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kejì ọdún 1995, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Jesse yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀, ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Alágbàká ní Àkúrẹ́ ló ń gbé, ibi iṣẹ́ ìjọba ló sì ti ń jẹun. Silas ló kan ibùsùn ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún 1976.

"Bàbá Precious, ibùsùn yẹn kò tíì dún títí dòní," ó ní. "Irú iṣẹ́ yẹn ni mo tún bá wá. Àpótí ajílẹ̀ ni mo fẹ́."

Silas ní irú àpótí wo nìyẹn.

Obìnrin náà jókòó, ó ṣàlàyé. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni àìsàn gbé ọkọ òun, Oyèníyì, dè. Ó ti kúrò ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kò tíì lágbára, dókítà sì ní ẹ̀fọ́ ni kó máa jẹ ju oògùn lọ. Òun ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sẹ́yìnkùlé, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, ajílẹ̀ òyìnbó sì ti wọ́n ju kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa dárúkọ rẹ̀ lọ. Òun wá ń kó èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé àti ìgbẹ́ adìẹ jọ, kó jẹrà, kó di ajílẹ̀. Ewúrẹ́ ń tú u ká. Eku ń bímọ sínú rẹ̀. Àpótí pákó kan tí òun kọ́kọ́ lò, ikán jẹ ẹ́ tán láàárín òjò kan ṣoṣo. "Igi líle ni mo fẹ́, kí ẹ fi páànù tẹ́ ẹ nínú, kí ẹ fi irin dè é ní igun. Kó ní ìdérí. Ṣùgbọ́n ẹ má kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ekòló lè máa gòkè wọ̀ ọ́."

"Báwo ni kó ṣe tóbi tó?"

"Ẹ fojú ara yín díwọ̀n rẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín."

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Inú Silas dùn débi pé kò jẹun ọ̀sán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Lọ́lá dúró lórí àdúrà iṣẹ́, ó ní, "Olúwa, bá wa ṣe àpótí Ìyá Jesse yìí ní àṣeyọrí." Silas ṣe àmín tí ilé mì. Ó wá pákó igi apá tó ti gbẹ dáadáa, irú èyí tí ikán ń gbọ́ òórùn rẹ̀ tó ń yà kúrò lọ́nà. Ó ní kí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gé irin lára ibùsùn àtijọ́ kan, ó fi di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tẹ́ páànù sínú rẹ̀, ó fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí i kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ó fi hínjì de ìdérí. Kí ó má bàa ṣòroó gbé, ó mú ọwọ́ ìdìmú tó ń dán nínú páálí tó wà nílẹ̀, ó kan mẹ́ta sí ọ̀tún, ó kan mẹ́ta sí òsì. Ó fá pákó náà títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Nígbà tó ṣe tán, ó dúró, ó wò ó, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Lọ́lá gbé aṣọ funfun wá, ó fi bò ó nítorí eruku ọ̀nà.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ti rí i. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò rí i o! Ohun tí ojú èèyàn bá ti ń rí lójoojúmọ́, kì í rí i mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni gígùn àpótí náà, ìbú rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Silas kò fi okùn wọn nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ló wọn ọ́n.

Akíntóyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé e, Silas sì jókòó sẹ́yìn, ó di àpótí náà mú. Nígbà tí wọ́n dé ibi táwọn ọlọ́pàá dábùú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń ní kí gbogbo ọkọ̀ já ẹrù sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó sì gbé igi ọ̀nà sókè. Silas dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ọlọ́pàá ti ń bẹ̀rù Ọlọ́run báyìí.

Ní Alágbàká, ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn ni Sherifat, ọmọ Àkúrẹ́ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá Jesse. Aṣọ ló ń sá. Ó rí ọkọ̀ tó dúró níwájú ilé aláìsàn, ó rí ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ aṣọ funfun, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Wọ́n ti gbé pósí dé ulé Bàbá Jesse!" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnu ọ̀nà ti kún. Àwọn kan ti ń sunkún. Ẹnì kan ti ń béèrè bóyá wọ́n ti ránṣẹ́ sáwọn ọmọ.

Ìyá Jesse sáré jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Ó rí èrò, ó sì rí àpótí. Ó rò pé ọkọ òun ti kú ní yàrá nígbà tí òun ń fọ abọ́. Ìgbà tó wá rí Silas lẹ́yìn ọkọ̀ ló yé e, ìbínú sì gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Silas." Kò pè é ní Bàbá Precious mọ́. "Kí ni mo fi ṣe ọ́? Ọkọ mi wà ní yàrá, ó ń mí. Pósí lo kàn wá fún mi?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ojú Silas là. Ó wo gígùn rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ìdìmú mẹ́fà tó ń dán nínú oòrùn. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ eléruku, ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀, pé ọwọ́ òun ni, pé ọwọ́ òun kò mọ nǹkan mìíràn mọ́. Ojú tì í, ó sì bà á nínú jẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un láti fi kúrò nínú iṣẹ́ òkú, òkú náà ló tún kàn án fún. Ìyá Jesse ní kó gbé e padà, pé òun ò fẹ́ rí i mọ́.

Nígbà náà ni ọ̀pá dún nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn yà lọ́nà. Oyèníyì fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀, ó rù, ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́, ó rọra ń gbẹ́sẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí wọ́n ṣí ìdérí. Akíntóyè ṣí i. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó rí i pé àpótí náà kò nísàlẹ̀.

"Káfíńtà," ó ní, "tí wọ́n bá gbé mi sínú èyí, ṣé ẹ fẹ́ kí n já bọ́ lójú ọ̀nà ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré o. Ó rín in títí tó fi gbára lé ara ọkọ̀, tí ikọ́ fi mú un, tó tún ń rín. Ó ti ju oṣù mẹ́rin lọ tí Ìyá Jesse ti gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó sunkún, ìbínú rẹ̀ sì ti lọ.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n káfíńtà," Oyèníyì ní. "Ayùn ńkọ́? Ẹ gé e sí méjì. Ààtàn méjì ni bàbá mi ní ní Ìta-Ògbólú: à ń da ilẹ̀ sí ọ̀kan, èkejì ń jẹrà lọ́wọ́. Tí èyí tó ń jẹrà bá jinná, a ó kó o lọ sóko, a ó wá yí ìyẹn sí àyè rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Àpótí kan kì í tó. Bẹ́ ẹ bá sì ti gé e, kò tún sẹ́ni tó máa pè é ní pósí. Ta ni wọ́n ń sin ní ìlàjì?"

Silas gbé ayùn. Ó yọ ọwọ́ ìdìmú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jù wọ́n sínú àpò. Ó gé àpótí náà láàárín, ó gé ìdérí rẹ̀, ó sì ya ilẹ̀kùn balùwẹ̀ àtijọ́ kan láti fi dí ojú ibi tó gé. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, àpótí méjì kúkurú ti dúró lẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ti gba èèpo iṣu àná. Ewúrẹ́ Sherifat wá kan orí mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó padà.

Sherifat, tó jẹ́ pé òun ló kó ìlú jọ, ló dúró wò ó títí. Ojú ń tì í díẹ̀. "Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi kan tèmi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ yín máa yá, kí èèyàn máa wọ́ tọ̀ yín."

Silas ṣe àmín. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé yí padà lọ́jọ́ kejì. Ó kan ti Sherifat, ó kan ti olùkọ́ kan, iṣẹ́ sì tún dá. Àwọn òkú kò dá ní tiwọn. Ó ṣì ń kan pósí nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, tí awakọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, tó ní Ìyá Jesse ní kó máa bọ̀ ní Àkúrẹ́ kíákíá. Kò sọ ìdí. Silas béèrè, ọkùnrin náà ní ohun tí wọ́n rán òun kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyà Silas já. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ kíákíá sí akanpósí, ẹ kúkú mọ ohun tó ń jẹ́. Ó kó irinṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ó ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kó má ṣe jẹ́ Oyèníyì, pé bó bá jẹ́ Oyèníyì, ọwọ́ òun kò ní lè kan ìyẹn.

Ó bá ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí, kò sí èrò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin kan tẹ̀ ba lórí àpótí ajílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ṣọ́bìrì yí ilẹ̀ dúdú láti inú ọ̀kan sínú èkejì, ooru ń rú jáde lára ilẹ̀ náà. Oyèníyì ni.

"Ó pẹ́ kí ẹ tó dé," Oyèníyì ní, kò tilẹ̀ dúró. "Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àpótí ajílẹ̀ méjìlá làwọn fẹ́, kí òjò yìí tó lọ. Ìyá Jesse ní kí ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á mọ́ yín lọ́wọ́."

Silas fìdí lélẹ̀ níbi tó wà. Ó ní, "Bàbá Jesse, mo rò pé ẹ̀yin ni wọ́n pè mí fún." Oyèníyì wò ó, ó fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀, ó jókòó tì í. Ara tu àwọn méjèèjì.

Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé Oǹdó. Lọ́lá ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n wá jẹ́, ó sì ti di gèlè dúdú.

"Ta ló kú?" ó ní.

"Kò sẹ́ni tó kú," Silas ní. "Ebi ń pa mí."