Àpá Mẹ́wàá Nínú Irin

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yìn mí pé mo mọ kẹ̀kẹ́ ológeere tún ṣe. Àwọn tó ń yìn mí kò mọ ohun tí mo fi kọ́ ọ.

Alágbẹ̀dẹ ni wá ní Ọ̀yọ́. Ọkọ́ àti àdá ni bàbá mi ń rọ, òun náà ni èmi ń rọ títí àwọn òyìnbó fi kó kẹ̀kẹ́ dé. Nígbà náà, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ń ṣe ìránṣẹ́ kóòtù. Ìjọba fún un ní kẹ̀kẹ́ tó fi ń gbé ìwé láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó iṣẹ́ yẹn. Á nu kẹ̀kẹ́ náà títí, ìyá wa á ní kó kúkú fi ṣe ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan ó yí i wá sí agbẹ̀dẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ iwájú yìí, ó ń ha."

Mo tú u. Láàárín ẹsẹ̀ náà, níbi tí ọ̀pá irin gbà kọjá, àwọn irin róbótó kéékèèké wà níhà méjèèjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, ti ìhà kọ̀ọ̀kan jókòó sínú àwo irin tirẹ̀ tó ń dán. Bí wọ́n bá ń yí ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí. Iyanrìn ló wọ ibẹ̀. Mo fi epo òyìnbó fọ̀ ọ́, mo fi òrí pa á, mo dì í padà. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, kì bá tí sí ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ní agbẹ̀dẹ tiwa, irin tí a bá ṣe tán, a kì í fà á lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a fi ọmọ owú lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kí Ògún lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Mo gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ka òkúta tí a fi ń rọ irin, mo lu orí ọ̀pá àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kíkankíkan. Mo ní kí Ògún bá àbúrò mi ṣọ́ ọ̀nà. Ó ṣe àmín, ó gùn ún lọ.

Kò pé oṣù méjì, ẹsẹ̀ náà há lójijì lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó da àbúrò mi sínú odò tòun tìwé ìjọba. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì. Ògbifọ̀ rẹ̀ bi mí bóyá èmi ni mi ò tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe dáadáa. Inú bí mi. Irin wo ni òyìnbó ní tí ọmọ alágbẹ̀dẹ ò mọ̀? Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi pé, eré àsápajúdé tí àbúrò mi ń sá lórí òkúta ló bà á jẹ́. Àbúrò mi wò mí. Kò jiyàn, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan lọ sí Kúmásì.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà wá fún mi pé kí n tún un ṣe. Mo tú u. Àpá mẹ́wàá ló wà nínú àwo irin ìhà kan, àlàfo wọn dọ́gba bí ìgbà tí olóòlà bá kọ ilà: àpá kan fún irin róbótó kan. Òkúta ojú ọ̀nà kì í lu nǹkan dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ibi tí irin kọ̀ọ̀kan jókòó sí nígbà tí mò ń lu ọ̀pá ló ti rì wọ inú àwo. Bó ṣe ń yí lójoojúmọ́ ni ojú àpá ń bó, títí ọ̀kan nínú àwọn irin náà fi fọ́, tó há. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ilé ajẹ́lẹ̀ kò jìnnà sí wa. Mi ò lọ. Ojú tì mí, ìgbéraga sì tún wà níbẹ̀. Ìyá wa ń béèrè ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú, mi ò sọ fún òun náà.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí oníṣòwò kan tó ti Kúmásì dé tó bá mi ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti lọ ra irin. Ó ní àbúrò mi rán òun sí mi. "Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dárí ji òun. Ó ní eré tí òun sá ló ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́, tó kó ìtìjú bá yín lójú òyìnbó."

Mo bi í pé ìgbà wo ló ń padà. Ó ní ó di ọ̀la. Mo ní kó sọ fún un pé mo ti dárí jì í.