Iṣẹ́ Tí Prisca Pè Ní Iṣẹ́ Ìjókòó

Nígbà tí Prisca kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tán ní Kútọnu, ó sọ fún ìyá rẹ̀, Honorine, pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Èèyàn á fi ohun ìgbọ́rin dí etí, á máa tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Honorine ní, "Àmín." Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń tọ́mọ, ó mọ ìgbà tó jẹ́ pé àmín nìkan ti tó.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní àdúgbò Djègan-Kpèvi ní Àjàṣẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ló gbà á. Wọ́n gbé pírógíráàmù kan lé e lọ́wọ́, èyí tí Abibou, tó wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀, kọ kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ọjà Ouando bá ku ọ̀la, pírógíráàmù náà ló ń ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó ẹrù, kí wọ́n mọ ilé aláta tí wọ́n máa yà sí ní ìdájí.

Prisca ka ohun tí Abibou kọ, ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ọjà inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan: ó bọ́ sí Àbámẹ́ta, ó tún bọ́ sí Ọjọ́rú, lẹ́yìn náà ọjọ́ Àìkú. "Irú òǹkà ọjọ́ wo nìyí?" Ó pa á rẹ́, ó fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní.

Ọ̀gá rẹ̀, Daouda, bi í pé, "Ṣé o ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó?"

"Fòfó," ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, "ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi."

Lójú Prisca, ẹni tó bá ń béèrè ni kò mọṣẹ́. Daouda ní ìpàdé tó ń lọ, kò wádìí mọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, kẹ̀kẹ́ kankan ò yà nílé ẹnì kankan. Abibatou, olórí àwọn aláta, dúró ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ títí tòmátì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ó pe ilé iṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo yàrá.

"Ẹ sọ fún ọmọ yín pé a ò ṣe mọ́! Ká tó mọ fóònù la ti ń dé ọjà."

Daouda ò bú Prisca. Ó kàn ní, "Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Ouando. Àbí wọn ò bí ẹ ní Àjàṣẹ́ ni?"

Èyí ló dùn ún jù. Ó mọ̀. Láti ìgbà tó ti lè gbé igbá lórí ló ti ń tẹ̀ lé Honorine lọ sọ́jà náà. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé, ẹkún ni. Kò kàn rò pé ohun tí èèyàn mọ̀ nílé lè wọ inú kọ̀ǹpútà ni.

"Bí wọ́n bá fi wá sílẹ̀, pírógíráàmù yìí ti kú, iṣẹ́ ẹ náà sì bá a lọ," Daouda ní. "Lọ bá wọn."

Ó gun ọ̀kadà zẹ́míjàn lọ sí Ouando. Ó ń kúnlẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Oòrùn tó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é níbẹ̀.

"Ìwọ lo wá tún ọjà wa tò?" Abibatou bi í. "Àwọn baba ńlá wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, àbí?"

Àwọn alájọtà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Mi ò béèrè ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Jókòó."

Prisca jókòó sórí àpótí títí ọjà fi ń tú, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Abibatou: àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ kì í wọ̀ bí òjò bá rọ̀, awakọ̀ tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ka iṣẹ́ tí wọ́n rán. Orí ń fọ́ Prisca. Wọn ò kọ́ ọ ní èyíkéyìí nínú rẹ̀ ní Kútọnu.

"Ọjà kan ṣoṣo sí i la fún yín," Abibatou ní níkẹyìn. "Bí kẹ̀kẹ́ ò bá dé, kí fóònù mi má gbọ́ yín mọ́."

Prisca lọ sí ilé iṣẹ́, ó dá iṣẹ́ Abibou padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan sókè rẹ̀: *Ọjà ọrọọrún ni, ẹ má tún un ṣe.* Gbogbo ohun tó kọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tó délé, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ìjókòó ńkọ́?" Honorine bi í.

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀."

Honorine bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó fi ẹsẹ̀ sí i, ó sì gbàdúrà kúkúrú. Ọlọ́run náà ṣáà mọ ọjọ́ ọjà.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjà tó tẹ̀ lé e. Ní ìdájí, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, Prisca ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Abibatou, ojú rẹ̀ wúwo fún àìsùn. Kẹ̀kẹ́ dé. Abibatou wo kẹ̀kẹ́, ó wo Prisca.

"Kí lo dúró wò? Di etí apẹ̀rẹ̀ yẹn mú."

Prisca dì í mú, wọ́n sì jọ gbé e.