Ta Ló Ni Fèrèsé Mọ́ṣáláṣí?

Ẹ̀gbọ́n mi Ràsáàkì ń jowú ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ká ọkùnrin mọ́ ọn lọ́wọ́ o, nítorí fèrèsé ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mi ò tíì dé ibi tí ẹ̀rín wà. Ẹ má sì bá mi jà pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó". Ọmú kan náà ni àwa méjèèjì mu, ìyà tí ó fi jẹ mí ní kékeré sì pọ̀ ju ọ̀wọ̀ lọ.

Àgbẹ̀ oníṣu ni, ní Ìgbòho níbí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kéwú, oko ni bàbá wa ń mú un lọ. Kò lọ Mẹ́kà, kò lè pe ìrun, wọn kì í fi í sí iwájú níbi kankan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ fèrèsé onípákó kúrò ní mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ àdúgbò wa, tí wọ́n fi onígíláàsì sí i, Lèmọ́mù béèrè ẹni tí yóò máa nù ún. Gbogbo àwọn Alàájì wolẹ̀. Ràsáàkì ló nawọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Onífèrèsé, tí ó bá sì ti gbọ́ ọ báyìí, orí rẹ̀ á wú, fìlà ò ní gbà á mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ló ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Á fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, á wá kán karosíìnì sí àkísà, á fi nù ún. Òórùn karosíìnì yẹn kì í jẹ́ kí a kírun ní ìrọ̀rùn. Èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀rá rẹ̀ ń dúró lára gíláàsì. Títì iwájú mọ́ṣáláṣí kò ní ọ̀dà, àwọn ọlọ́kadà á máa tú eruku sókè, gbogbo eruku yẹn á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Bí ọyẹ́ bá ti dé, a kì í rí ìta mọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbé àkísà lé òun lọ́wọ́?

Àsíátù ìyàwó wa ní tirẹ̀, ògì ló ń tà. Omidùn tó ń lé sórí ògì, tí àwọn ẹlòmíì ń dà nù, òun ni Àsíátù fi ń fọ gíláàsì fèrèsé yàrá rẹ̀. Omi náà kan, ó ń bọ́ ìdọ̀tí dáadáa. Tó bá ti fi fọ̀ ọ́ tán, á rún ìwé ìròyìn àtijọ́ pọ̀, á fi gbo ó títí yóò fi gbẹ. Ní ọjọ́ ìpàdé Asalátù kan, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omidùn wá, ó fọ gbogbo fèrèsé ọ̀dọ̀ àwa obìnrin. Háà! Gíláàsì mọ́ débi pé ẹyẹ kan fò wá, ó fi orí gbá a, ó ṣubú.

Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán, Lèmọ́mù dúró lágbàlá, wọ́n ń wo fèrèsé. "Ta ló fọ ti àwọn obìnrin?" Gbogbo wọn pariwo pé Àsíátù ni. Lèmọ́mù wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ràsáàkì, lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ. Bí ti ọ̀dọ̀ wa kò bá mọ́ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó kó gbogbo rẹ̀ fún un kí ààwẹ̀ tó wọlé."

Tààrà ló gba ìsọ̀ mi wá, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Kò kí mi.

"Mùyìbá, ṣé èmi ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó mi?"

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Kí ló burú? Àsíátù ní oníbàárà. Ó ní ẹgbẹ́ Asalátù. Samsudeen àti àwọn ọmọ mi yòókù, bí wọ́n bá pè lórí fóònù, òun ni wọ́n ń béèrè. Èmi ńkọ́? Fèrèsé yẹn nìkan ni mo ní!"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kí n má parọ́, inú ń bí èmi náà. Èmi ni mo rán kọ́tìnì tó wà lára fèrèsé àwọn obìnrin, mi ò gbowó. Ṣé ẹnikẹ́ni dárúkọ mi? Àsíátù, Àsíátù ni gbogbo wọn ń pè, bí ẹni pé kọ́tìnì hù níbẹ̀ ni. Síbẹ̀ mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní kàkà kí òun béèrè, òun á fi ahọ́n lá fèrèsé náà mọ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin náà. Ó rí i tó ń bu nǹkan nínú ìkòkò ògì sínú kẹ́ẹ̀gì. Omidùn orí ògì ni Àsíátù bù, àmọ́ ògì ni ẹ̀gbọ́n mi pè é. Owú wá sọ fún un pé bí ìwọ̀nba díẹ̀ tí obìnrin yìí ń bù bá lè dán tó báyìí, tí òun bá bu èyí tó ki dáadáa, ti òun á dán ju tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Àlàmísì, ó kó ògì kíki sínú abọ́, ó fi kun gbogbo fèrèsé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin láti ìta. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ara gíláàsì ṣì tutù, ó ń dán lójú rẹ̀. Ó kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ó ń súfèé. "Ọ̀la ni wọn yóò mọ ẹni tó ni fèrèsé!"

Ọ̀la dé, oòrùn mú. Ògì gbẹ, gbogbo fèrèsé funfun báláú. Lèmọ́mù gun mínbárì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kútúbà. Ẹ sì mọ̀ pé bí kútúbà bá ti ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni ewúrẹ́ ilé Lèmọ́mù dé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ara ògiri, ó yọ ahọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá gíláàsì. Àwọn ewúrẹ́ yòókù gbóòórùn, wọ́n rọ́ dé. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní ewúrẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn, kò sẹ́ni tó lè ní "ṣíọ̀ọ̀". Ahọ́n ń lọ sókè, ahọ́n ń bọ̀ wálẹ̀, Lèmọ́mù ń wàásù, èjìká àwọn àgbààgbà ń gbọ̀n. Mo ki ìbòrí mi bọ ẹnu. Kí n sọ òótọ́, ibi tí ewúrẹ́ lá mọ́ ju bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí a ṣe kírun tán tí a jáde ságbàlá, Lèmọ́mù fi ìka kan gíláàsì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ògì nìyí. Ògì ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí Àsíátù. Àsíátù wo fèrèsé, ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí ògì tó gbẹ sí i létí apá agbádá àná tó tún wọ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Lèmọ́mù. Èmi ni. Mo fẹ́ bá Bàbá Samsudeen mú iṣẹ́ fúyẹ́ ni."

"Ó tán," ni Lèmọ́mù wí. "Ràsáàkì, máa bá fèrèsé rẹ lọ."

Ṣé ẹ rí i pé ó ti bọ́? Ohun tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kó sọ pé àlùhàmúdúlílàhí, kó máa lọ sílé. Ràsáàkì kẹ̀! Ó fò síwájú.

"Irọ́ ni! Èmi ni mo kùn ún! Fèrèsé mi ni! Àsíátù, o gba ìyìn mọ́ mi lọ́wọ́, o tún fẹ́ gba ẹ̀bi mi?"

Ìgbà náà ni gbogbo ẹ̀rín tí a ti gbé mì nígbà kútúbà bú jáde. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Lèmọ́mù pàápàá fi láwàní nu omi ojú, kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀. "Àsíátù, ìta ni tìrẹ. Ràsáàkì, inú ni tìrẹ. Ẹ lọ fọ̀ ọ́."

"Ìta ni aráyé ń rí," ni ẹ̀gbọ́n mi ń kùn títí a fi délé.

Ní ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo wà nínú mọ́ṣáláṣí, mò ń gán etí kọ́tìnì kan. Àsíátù na omidùn sí ọkọ rẹ̀, ó gbà á, kò dúpẹ́. Gíláàsì wà láàárín wọn, wọ́n ń gbo ó, ìkínní kò wo ojú ìkejì. Ó wá ku àbàwọ́n kékeré kan.

"Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ọ̀dọ̀ yín ni, Bàbá Samsudeen."

"Mo ní ọ̀dọ̀ rẹ ni! Nù ún!"

Àsíátù nù ún, nù ún, kò kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bu omidùn mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tutọ́ sí ìka, ó fi ra àbàwọ́n náà láti inú. Àbàwọ́n kúrò.

Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mùyìbá, má sọ fún un o."

Ó gbàgbé pé gíláàsì ti mọ́. Àsíátù ti nàró ní ìta, ó ń wò ó.